Ẹ Wo Ewé Kí Ẹ Tó Gé Igi

  Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ jókòó yí rédíò ká, ọ̀rọ̀ tòní kan ẹ̀yin náà, nítorí ẹ̀yin ni àwọn òbí yín sábà máa ń rán lọ ṣa igi ẹ̀gẹ́ wá nígbà tí òjò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dé.

Igi ẹ̀gẹ́ gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. N kò ní sọ ti gàrí tàbí ti láfún, ẹni tí kò mọ ìyẹn ní Òkè-Ògùn kò sí. Igi tí a ń gé gbìn ni mò ń wí. Bí ẹ bá ń pè é ní ẹ̀gẹ́, bí ẹ bá ń pè é ní pákí tàbí gbágùúdá, ohun kan náà ni.

Ó ti pẹ́ tí àwọn baba wa ti mọ̀ pé igi mìíràn wà tí a kì í wá èso rẹ̀ láti gbìn. Ta ni í gbin èso ewúro? Ẹ̀ka rẹ̀ ni à ń ṣẹ́, tí à ń tì bọ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé. Bẹ́ẹ̀ ni pèrègún, bẹ́ẹ̀ ni akòko, bẹ́ẹ̀ ni làpálàpá tí a fi ń ṣọgbà yí ilé ká. Àní igi ìyeyè, bí ẹ bá gé ẹ̀ka rẹ̀ tó nípọn, tí ẹ rì í mọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òpó ọgbà, kò ní pẹ́ tí òpó náà yóò fi máa rúwé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín èso àti igi. Bí ẹ bá gbin àgbàdo, ọmọ ni ẹ gbìn. Ọmọ náà ní baba, ó ní ìyá, ó lè jọ èkíní, ó lè jọ èkejì, ó sì lè má jọ ẹnì kankan nínú wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n ègé igi tí ẹ gé lára ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọmọ ẹ̀gẹ́ náà. Ẹ̀gẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni, ó kàn ṣí kúrò ní ebè kan lọ sí ebè kejì ni. Bí ìyá bá dùn, yóò dùn. Bí ìyá bá korò, yóò korò. Bí ìyá bá tètè ta, yóò tètè ta. Bí ìyá bá sì ń ṣàìsàn, àìsàn náà ti wà nínú igi kí ẹ tó gbé e dé orí ebè.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo pàdé bàbá àgbẹ̀ kan lọ́nà Òkèhò. Ó di igi ẹ̀gẹ́ sẹ́yìn ọ̀kadà, ìdì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ga ju ẹni tí ó wà á lọ. Mo kí i, mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Níbo lẹ ti rí igi tó tó báyìí?”

Ó ní, “Tíṣà, ẹ kú ìrìn. Ẹgbẹ́ ọ̀nà ni mo ti ṣà á. Ẹnì kan wú ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ó sì da igi sílẹ̀.”

Mo ní, “Ẹ mọ bí ewé rẹ̀ ti rí nígbà tí ó wà lóòró, Bàbá?”

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, “Ewé kẹ̀? Ṣé ewé ni mo fẹ́ jẹ ni? Igi ni igi ń jẹ́, Tíṣà.”

Àgbà ni wọ́n, n kò bá wọn jiyàn lójú títì. Ṣùgbọ́n bàbá yìí nìkan kọ́ ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lónìí. Igi kan kì í ṣe bákan náà pẹ̀lú èkejì, ewé ni ó sì ń fi ìyàtọ̀ wọn hàn wá.

Àrùn kan wà tí ń ba ẹ̀gẹ́ jà ní gbogbo ilẹ̀ wa. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní mòsáíkì. Bí ẹ bá wo orí ẹ̀gẹ́ tí ó ní i, ẹ ó rí i pé ewé tuntun rẹ̀ kò tẹ́jú. Ó lọ́, ó ká kò, ó kéré, apá kan rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju apá kejì lọ. Àwọ̀ rẹ̀ kò dọ́gba: ibì kan tutù yọ̀yọ̀, ibì kan pọ́n bí èso ìyeyè. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbẹ̀ a máa rò pé oòrùn ni, tàbí pé ilẹ̀ ti gbó. Ẹ fi èyí mọ ìyàtọ̀: bí ilẹ̀ bá gbó, ewé ìsàlẹ̀ tí ó ti dàgbà ni ó kọ́kọ́ ń pọ́n, gbogbo ojú ewé ni yóò sì pọ́n bákan náà. Ti mòsáíkì jẹ́ àbàwọ́n-àbàwọ́n, ewé ọmọdé tó wà lókè ni ó sì ń fi í hàn jù.

Ní ọdún 1894 ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ kọ nípa àrùn yìí sínú ìwé, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tanzania lónìí. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni pé kò sí àrùn yìí ní Brazil, bẹ́ẹ̀ láti ọ̀hún ni àwọn Potogí ti gbé ẹ̀gẹ́ wá sí etíkun Áfíríkà ní nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìhín ni ẹ̀gẹ́ ti pàdé rẹ̀. Àlejò ni ẹ̀gẹ́, onílé ni àrùn náà.

Ọ̀nà méjì ni ó fi ń rìn. Èkíní ni eṣinṣin funfun kékeré kan tí ń gbé abẹ́ ewé. Bí ẹ bá mi orí ẹ̀gẹ́, ẹ ó rí i tí yóò fò yọ bí eérú. Ó ń mu oje ẹ̀gẹ́ tó ń ṣàìsàn, ó sì ń gbé àìsàn náà lọ sí ara èyí tí ara rẹ̀ le. Ọ̀nà kejì ni àwa fúnra wa. Eṣinṣin ń gbé àrùn láti ìdí kan dé ìdí kejì. Àwa ń di í mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà láti ìlú kan dé ìlú kejì, a sì ń fi ọwọ́ ara wa gbìn ín ní ọjọ́ kan ṣoṣo sí gbogbo oko. Ẹ̀gẹ́ tí ó bá àrùn yìí wáyé láti inú igi a máa jìyà ju èyí tí eṣinṣin kó o bá nígbà tí ó ti dàgbà. Nígbà tí ó bá le, ìdajì ìkórè lè lọ, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ti ro oko, ẹ ti kọ ebè, ẹ ti gbowó fún alágbàṣe, ẹ ti ro koríko lẹ́ẹ̀mẹta; ìdí ẹ̀gẹ́ tí ẹ wú jáde kò wá nípọn ju ọwọ́ ọmọdé lọ.

Kí ẹ má baà rò pé mò ń fi ejò dẹ́rù ba ọmọ, ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Uganda. Láti ìparí àwọn ọdún 1980, irú mòsáíkì kan tí ó le ju ti àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó sì ń tàn kálẹ̀ lọ́dọọdún títí ó fi kọjá sí àwọn ilẹ̀ tí ó yí wọn ká. Ẹ̀gẹ́ ni oúnjẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀. Àgbègbè mìíràn wà tí àwọn àgbẹ̀ kò gbin ẹ̀gẹ́ mọ́ rárá, ebi sì pa ènìyàn. Eṣinṣin ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n igi tí àwọn ènìyàn ń gbé kiri ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú.

Wàyí o, ẹ óò ní, “Tíṣà, bí a bá ti mọ ewé rẹ̀, ṣebí a ó kàn má gé èyí tó ń ṣàìsàn ni.” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti ń ta kókó fún àwa ará ilẹ̀ ọ̀dàn nìyí. Ìgbà wo ni àwa ń wú ẹ̀gẹ́ jù? Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, nígbà tí oòrùn ń mú, tí a lè sá láfún sórí àpáta kí ó gbẹ dáadáa. Nígbà náà, ọyẹ́ ti gbọn ewé dànù. Ẹ̀gẹ́ wà ní ìdúró ní ìhòhò, èyí tí ara rẹ̀ le àti èyí tí ń ṣàìsàn jọ ara wọn bí ìbejì. Ẹni tí ó bá di oṣù kìíní kí ó tó máa wá igi tó dára, ojú rẹ̀ kò lè rí i mọ́.

Nítorí náà, oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá ni kí ẹ yan igi, nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀, tí ewé ṣì wà lórí. Ẹ ya àkísà tó ní àwọ̀ títàn sí wẹ́wẹ́. Ẹ wọ oko yín ní àárọ̀, kí oòrùn tó le, ẹ máa wo ọ̀kọ̀ọ̀kan láti orí dé ìdí. Èyí tí ewé rẹ̀ tẹ́jú, tí ìka ewé rẹ̀ dọ́gba lápá méjèèjì, tí igi rẹ̀ kò ní egbò, ẹ so àkísà mọ́ ọn lọ́rùn. Iṣẹ́ ọmọdé ni èyí, ojú wọn mú ju tiwa lọ. Nígbà tí a ṣe é ní oko ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì mi, wọ́n ń bá ara wọn du ẹni tí yóò rí èyí tó ń ṣàìsàn.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, èyí tí kò ní àkísà ni kí ẹ kọ́kọ́ wú fún láfún àti gàrí. Ẹ fi èyí tí ó ní àkísà sílẹ̀ lóòró bí agbára yín bá ti mọ, di ìgbà tí òjò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Kò sí ibi tí igi ẹ̀gẹ́ ti ń pẹ́ tó orí ìdí ara rẹ̀.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè dúró. Owó ilé ẹ̀kọ́ kì í dúró de òjò. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ wú gbogbo rẹ̀, ẹ má da igi yín sí gbangba. Nǹkan mẹ́rin ni ó ń pa igi ẹ̀gẹ́ láàárín ìgbà ìkórè àti ìgbà òjò ní ọ̀dọ̀ wa: oòrùn, iná, ikán àti ẹran ọ̀sìn. Ẹ wá ìdí máńgòrò tó ní ibòji. Ẹ wa ilẹ̀ ibẹ̀ kí ó rọ̀. Ẹ to igi náà ní òòró láìgé e kéékèèké, kí ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀ kí ó sì wọlé díẹ̀, bí ìbú ìka mẹ́rin, kí orí rẹ̀ sì kọjú sókè. Ẹ da koríko gbígbẹ kúrò ní àyíká rẹ̀ títí dé ìṣísẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí iná ìgbẹ́ má baà rí nǹkan jẹ dé ibẹ̀. Ẹ fi ẹ̀gún ṣọgbà yí i ká nítorí màlúù àti ewúrẹ́. Ẹ máa bu omi wọ́n ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Báyìí, igi yín lè wà láàyè fún nǹkan bí oṣù méjì. Èyí tí ẹ bá dà sínú oòrùn kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ó tó di igi ìdáná.

Bí ọjọ́ gbíngbìn bá pé, ẹ fi èékánná họ èèpo igi náà. Bí ó bá tutù lábẹ́, tí oje funfun sì tètè yọ, ó wà láàyè. Ẹ gé orí rẹ̀ tí kò tíì gbó sọ nù. Ẹ wo ojú ibi tí ẹ gé: bí fùkẹ̀fùkẹ̀ funfun tí ó wà láàárín bá gba ju ìdajì igi lọ, igi náà ṣì kéré, kò ní oúnjẹ tó nínú láti bọ́ ara rẹ̀ kí gbòǹgbò tó yọ. Ẹ̀gẹ́ tí ó ti lo oṣù 8 sí oṣù 18 lórí ilẹ̀ ni igi rẹ̀ dára jù. Ẹ fi àdá tó mú gé e, kí ó má baà ya. Kí ègé kọ̀ọ̀kan tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25. Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, kò gùn tó rúlà yín nìyẹn. Kí ó ní ojú 5 sí 7. Ẹ má gbé e jù bí ẹni da òkúta, nítorí ojú wọ̀nyẹn ni ẹ̀ka yóò ti yọ, bí ó bá sì ti bó, ó bó nìyẹn.

Ẹ dá igi náà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ lórí ebè tàbí poro, kí ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta rẹ̀ wọlẹ̀, kí ojú rẹ̀ sì máa wo òkè. Bí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò, yóò pẹ́ kí ó tó hù, bí ó bá tilẹ̀ hù. Mítà kan sí mítà kan ni kí ó jìnnà sí ara wọn. Oko hẹ́kítà kan yóò gba ìdí 10,000. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá hù, ẹ tún padà lọ wo ewé. Èyí tí ó bá ti ń lọ́ láti kékeré, ẹ fà á tu, ẹ fi igi mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ó máa ń dun àgbẹ̀ láti fa ohun tó ti hù tu, mo mọ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ eṣinṣin ni ó jẹ́ níbẹ̀.

Ẹlòmíràn lè sọ pé, “Tíṣà, mo yẹ gbogbo oko mi wò, kò sí ibi tí mo lè so àkísà mọ́.” Ó ṣeé ṣe. Irú ẹ̀gẹ́ tí àwọn kan ń gbìn kò ní agbára kankan sí àrùn yìí. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, igi mìíràn ni kí ó wá.

Ìtàn bí irú igi bẹ́ẹ̀ ti dé ọwọ́ wa dára láti gbọ́. Ní àwọn ọdún 1930, ní Amani ní ilẹ̀ Tanganyika, àwọn onímọ̀ mú ẹ̀gẹ́, wọ́n sì mú igi rọ́bà kan tí í ṣe ìbátan rẹ̀, wọ́n mú kí wọ́n bímọ papọ̀, nítorí igi rọ́bà yìí lágbára sí mòsáíkì. Ní àwọn ọdún 1950, èso láti ọ̀dọ̀ wọn dé Moor Plantation ní Ìbàdàn. Ẹ kíyè sí i pé èso ni. Èso kì í gbé mòsáíkì lọ bí igi ti ń gbé e. Nígbà tí a dá IITA sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, tí Ọ̀mọ̀wé Sang Ki Hahn, ọmọ ilẹ̀ Kòríà, sì dé síbẹ̀ ní 1971, ọ̀kan nínú irú-ọmọ àwọn èso wọ̀nyẹn ni ó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti inú iṣẹ́ náà ni TMS 30572 ti jáde, èyí tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti gbìn láìmọ orúkọ rẹ̀. Àwọn ará Ìkirè fi oyè Sẹ̀ríkí Àgbẹ̀ dá ọkùnrin yìí lọ́lá, lójú tèmi oyè náà sì bá orí tó yẹ. TME 419 tún wà, tí igi rẹ̀ máa ń lọ sókè tààrà láìtètè yakà. Láti ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Togo ni ìyẹn ti wá.

Ìṣòro kan ni ó wà níbẹ̀. Ṣírí àgbàdo kan lè fún yín ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún irúgbìn, ṣùgbọ́n ìdí ẹ̀gẹ́ kan kì í sábà fúnni ju nǹkan bí ègé 10 lọ. Ìdí nìyẹn tí igi tó dára fi ń pẹ́ kí ó tó dé abúlé. Síbẹ̀, ẹ̀yin ọmọ, ẹ mú ìwé ìṣírò yín. Bí bàbá yín bá rí ìdí kan ṣoṣo tí ó dára, ọdún kìíní yóò gbin ègé 10. Ní ọdún kejì, 100. Ní ọdún kẹta, 1,000. Ní ọdún kẹrin, 10,000, hẹ́kítà kan sì kún. Bí aládùúgbò mẹ́ta bá fún un ní ìdí mẹ́ta sí i, ẹ tún un ṣírò.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìhà Ṣakí, tí ibodè ilẹ̀ Benin kò jìnnà sí yín, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún yín. Ẹ má fi ọ̀yàyà gba igi tí ẹ kò mọ oko tí ó ti wá, ẹ má sì gbé tiyín ránṣẹ́ sódì kejì láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kòkòrò funfun kan tí ara rẹ̀ rí bí ẹni da ìyẹ̀fun sí i lára ti Gúúsù Amẹ́ríkà dé ilẹ̀ Congo. Orí igi gbíngbìn ni a gbà pé ó gùn wá. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, ó ti dé ọ̀dọ̀ wa, ó ń fún orí ẹ̀gẹ́ pọ̀ bí ọwọ́ tó di ẹ̀ṣẹ́. Àwọn onímọ̀ ní láti padà lọ sí Paraguay, ní 1981, kí wọ́n tó rí ọ̀tá rẹ̀: agbọ́n kan tí kò tóbi ju orí ìṣáná lọ, tí ń yé ẹyin sínú ara kòkòrò náà. Ọ̀mọ̀wé Hans Herren ni ó darí iṣẹ́ náà ní IITA, wọ́n sì fún un ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995. Agbọ́n náà ń bá wa ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni yóò lọ sí Paraguay nígbà mìíràn?

Kí n tó dákẹ́, iṣẹ́ àṣetiléwá rèé fún ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ẹ wá agolo ńlá mẹ́rin, ẹ dá ihò sí ìdí wọn, ẹ bu ilẹ̀ sí i. Ní agolo kìíní, ẹ gbin ègé igi ẹ̀gẹ́ tó gbó. Ní èkejì, ẹ gbin orí rẹ̀ tó ṣì tutù. Ní ẹ̀kẹta, ẹ gbin èyí tó gbó, ṣùgbọ́n kí ẹ dorí rẹ̀ kodò. Ní ẹ̀kẹrin, ẹ gbin èyí tó ti wà nínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ máa bu omi díẹ̀ sí i, ẹ sì máa kọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan hù sínú ìwé yín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ fà wọ́n tu, ẹ ka gbòǹgbò wọn, ẹ sì fi ìwé náà han bàbá àti ìyá yín.

Ní ti igi tó bá ti gbẹ, àti igi ìdí ẹ̀gẹ́ tó ń ṣàìsàn, ẹ má kó o sí ẹ̀bá ọ̀nà, kí ẹni tí ń kọjá má baà di í sẹ́yìn ọ̀kadà. Ẹ gbé e lọ sílé, ìyá yín yóò rí i fi dáná.